Ẹranko lè mọ̀ pé o fẹ́ràn òun, ìyẹn ò ní kó má bù ẹ́ jẹ

Gbogbo ìgbà tí dọkumẹ́ńtárì nípa àwọn tó ń sin kìnnìún, tígà tàbí béárì bá jáde, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn tó wò ó: "ẹranko mọ ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ jàre, tó bá jẹ́ ìwọ lo tọ́ ọ láti kékeré, kò lè ṣe ẹ́ ní nǹkan kan." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún gbọ́, àmọ́ irọ́ ni, ó sì ti gba ẹ̀mí àwọn tó nífẹ̀ẹ́ ẹranko ju èmi àtẹ̀yin lọ.

Ẹ wo oṣù kẹwàá ọdún 2003. Lọ́jọ́ kẹta oṣù yẹn ní Las Vegas, Roy Horn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún bá tígà ṣeré níwájú èrò wà lórí ìtàgé, ni Montecore, tígà tó tọ́ láti kékeré, bá ki ọrùn ẹ̀ mọ́lẹ̀ tó sì wọ́ ọ kúrò níbẹ̀. Kò kú nígbà yẹn, àmọ́ ara ẹ̀ ò padà sípò mọ́, síbẹ̀ ohun tó sọ ni pé ṣe ni tígà yẹn fẹ́ ran òun lọ́wọ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀, ní Katmai, ọgbà ẹranko igbó kan ní Alaska, béárì pa Timothy Treadwell àti ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 13 ni ọkùnrin yìí ti lọ bá àwọn béárì yẹn gbé nínú igbó, ó sọ wọ́n lórúkọ, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ó sì fi kámẹ́rà ká púpọ̀ nínú ẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé kò fẹ́ràn wọn.

Lóòótọ́ ni pé ẹranko mọ èèyàn o. Tígà tó mọ̀ ẹ́ á súnmọ́ ẹ, á máa fi imú fẹ́ atẹ́gùn fù-fù-fù, bó ṣe máa ń kí ìyá ẹ̀ nìyẹn, kì í díbọ́n. Ibi tá a ti ń ṣì í ni pé a rò pé mímọ̀ yẹn ló ń darí eyín àti èékánná ẹ̀. Ẹ lọ dúró níwájú kéèjì tígà ní súù lọ́jọ́ kan kẹ́ ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ọmọdé bá kọ ẹ̀yìn sí i tàbí tó bá ṣubú: orí tígà yẹn á wálẹ̀, èjìká ẹ̀ á yọ sókè, ojú ẹ̀ ò ní ṣẹ́ mọ́, á wá máa gbé ẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò bínú sí ọmọ yẹn rárá, ebi sì lè má pa á, ara ẹ̀ ló dá a mọ̀ pé nǹkan tó ṣeé mú nìyẹn. Kódà eré lásán náà, ọrùn ni àwọn tígà ti ń mú ara wọn, awọ wọn nípọn ó sì dẹ̀, tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, akọ tígà sì lè wọn ju 200 kílò lọ.

Àwọn kan á ní, ajá ńkọ́, ṣebí ìkookò ni tẹ́lẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún 14 tí ajá ti ń bá èèyàn gbé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó fún un ní wàrà nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Lọ́dún 1959 ni Dmitri Belyaev, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Rọ́ṣíà lórí kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, àwọn tí kì í bẹ̀rù èèyàn tí wọn kì í sì í bu èèyàn jẹ nìkan ló ń jẹ́ kí wọ́n bímọ, ìran lẹ́yìn ìran, kó tó di pé wọ́n ń bí àwọn tó ń ju ìrù sí èèyàn bí ajá. Inú ẹ̀jẹ̀ ni àyípadà yẹn ti wá. Ọmọ tígà tẹ́ ẹ fi fídà tọ́ nínú pálọ̀, ẹ̀jẹ̀ tígà inú igbó náà ló wà lára ẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé títọ́ ọ nílé tún lè mú kó léwu sí i. Ẹranko inú igbó ń bẹ̀rù wa, ìbẹ̀rù yẹn ló sì ń jẹ́ kó yà fún wa, ìwọ tó o tọ́ ọ ti gba ìyẹn lára ẹ̀. Travis, ìnàkí kan ní Connecticut, ọ̀dọ̀ èèyàn ló dàgbà sí láti ọmọ ọwọ́, ó ń jẹun lórí tábìlì, ó tiẹ̀ ti ṣe ìpolówó ọjà lórí tẹlifíṣàn. Ní oṣù kejì ọdún 2009 ó já ojú àti ọwọ́ ọ̀rẹ́ ìyá tó tọ́ ọ jẹ, obìnrin tó ti mọ̀ láti ọdún pípẹ́ o. Ọlọ́pàá yìnbọn fún un, ó sì kú.

Àwọn ẹranko yìí náà ló ń kú sí i ṣá. Wọ́n yìnbọn pa béárì méjì níbi tí Treadwell kú sí. Lọ́dún 2011 ní Zanesville, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ọkùnrin kan tó ń sin wọn rẹpẹtẹ ṣí kéèjì wọn sílẹ̀ kó tó para ẹ̀, tígà nìkan tí wọ́n yìnbọn pa lọ́jọ́ yẹn jẹ́ 18. Ó tó ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn ẹ̀, ní oṣù kejìlá ọdún 2022, kí Amẹ́ríkà tó ṣòfin tó ní káwọn èèyàn má sin tígà àti kìnnìún nílé mọ́, tó sì ní kí wọ́n yéé gbowó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ gbé ọmọ tígà tàbí ti kìnnìún ya fọ́tò. Àwọn tó ti ní tiwọn tẹ́lẹ̀ ṣì ní wọn, wọ́n kàn ní kí wọ́n wá forúkọ wọn sílẹ̀ ni.