Mulch: aṣọ tí à ń fi bo ilẹ̀, àti ẹ̀kan tí kì í bẹ̀rù aṣọ

Bí ẹ bá dé oko iṣu lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ó rí i pé ebè ti dé fìlà koríko gbígbẹ. Òun gan-an là ń pè ní mulch: ohunkóhun tí a bá tẹ́ sórí ilẹ̀ kí oòrùn má baà fa omi rẹ̀ gbẹ, kí koríko má sì ráyè hù. Ewé gbígbẹ ni o, páálí ni o, lẹ́búlẹ́bú pákó ni o.

Òkùnkùn ló fi ń bá koríko jà. Gbégi, tó jẹ́ pé hóró ló fi ń tàn kálẹ̀, kò lókun nínú: hóró rẹ̀ kéré, bí kò bá tètè rí ìmọ́lẹ̀, ó parí. Mulch tó nípọn tó íńṣì 3 ti tó o.

Koríko tí à ń pè ní ẹ̀kan ni wàhálà. Lọ́dún tó kọjá, mo gbá ewé igi fúrúùtù iwájú ilé wa ní Súrùlérè jọ, mo dà á sórí bẹ́ẹ̀dì ata mi, mo káwọ́ gbera. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ̀kan fi yọrí, ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ọ̀kan tilẹ̀ gún ewé fúrúùtù láàárín gbùngbùn, ó gbé e sókè bí ẹran sùúyà lórí igi! Mo wa ìdí rẹ̀: gbòǹgbò funfun, oríkèé-oríkèé bí ìrèké. Ibẹ̀ ló kó oúnjẹ pamọ́ sí, òun ló ń jẹ nínú òkùnkùn. Bí ẹ bá sì fi ọkọ́ gé e wẹ́wẹ́, ẹ ti bá a gbin ara rẹ̀ nìyẹn, torí oríkèé kan lè di odindi ẹ̀kan.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bu omi sílẹ̀ kó rọ̀, kí ẹ fọwọ́ tọ gbòǹgbò náà, kí ẹ ṣà á kúrò. Ẹ wá tẹ́ páálí (ẹ yọ sẹ́lótéèpù ara rẹ̀), kí etí ọ̀kan gun èkejì tó íńṣì 6, ẹ rin ín gbingbin, kí ẹ tó da ewé lé e ní íńṣì 4. Ẹ má jẹ́ kó kan ìdí ata. Èyí tó bá tún yọrí, ẹ fà á tu lọ́jọ́ náà, kí ewé rẹ̀ má baà máa bọ́ gbòǹgbò. Òjò Èkó á jẹ páálí yẹn láàárín oṣù díẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́búlẹ́bú pákó pọ̀ nílé ìlagi, ṣùgbọ́n ó máa ń dì, omi ò sì ní lè wọlẹ̀. Èmi fẹ́ràn ewé jù ú lọ. Kódà ẹ̀kan gbígbẹ fúnra rẹ̀ ṣe é lò, bí a bá ti gé e kó tó yọ òwú funfun lórí. Inú òwú yẹn ni hóró rẹ̀ wà.