Villa Giulia, mùsíọ́mù àwọn Etruscan ní Róòmù

Villa Giulia ni mùsíọ́mù tí orílẹ̀-èdè Ítálì yà sọ́tọ̀ fún ohun àwọn Etruscan, ó wà ní Róòmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ńlá tí wọ́n ń pè ní Villa Borghese. Àwọn Etruscan ló ń gbé àárín gbùngbùn Ítálì kí Róòmù tó di alágbára, níbi tó di Tuscany, apá kan Umbria àti àríwá Lazio báyìí, Rasenna sì ni wọ́n ń pe ara wọn. Ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ tó ṣẹ́kù ò tó nǹkan rárá, inú sàréè àti tẹ́ńpìlì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tá a mọ̀ nípa wọn ti jáde, torí tí èèyàn wọn bá kú wọ́n máa ń kó ìkòkò, wúrà, dígí idẹ àti ohun ìjà tì í.

Ilé yẹn fúnra ẹ̀, Póòpù Julius Kẹta ló ní kí wọ́n kọ́ ọ fún ìgbafẹ́, 1551 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, Vignola, Ammannati àti Vasari wà lára àwọn tó ṣe é. 1889 ló di mùsíọ́mù, Felice Barnabei ló dá a sílẹ̀. Tẹ́ńpìlì kan wà nínú ọgbà ẹ̀ tí wọ́n kọ́ láti fi ṣàfarawé èyí tí wọ́n wú jáde ní Alatri, ó dáa kéèyàn kọ́kọ́ dúró wò ó dáadáa, torí á jẹ́ kó yé e pé orí òrùlé ni wọ́n ń gbé ọ̀pọ̀ ère tó wà nínú ilé sí láyé ọjọ́un. Ère òrìṣà Apollo tí wọ́n rí ní Veii, ìlú Etruscan kan, ní 1916, ọ̀kan nínú wọn nìyẹn, amọ̀ sísun ni, ó ń rìn bọ̀ bí ẹni tí inú ń bí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn torí ẹ̀ wá ni pósí tọkọtaya, amọ̀ sísun lòun náà, ọdún 530 sí 520 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n fojú bù ú sí. Ọkọ àtìyàwó rọ̀gbọ̀kú sórí ibùsùn bí ẹni tó wà níbi àsè, ọkọ fọwọ́ gbá ìyàwó mọ́ra, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ìka ọwọ́ wọn sì rí bíi pé wọ́n di nǹkan mú àmọ́ nǹkan náà ti sọnù. Ní Cerveteri, ìlú Etruscan kan nítòsí Róòmù, ni wọ́n ti rí i ní 1881, ó ti fọ́ sí nǹkan bí 400 wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó tò ó pa dà, èkejì ẹ̀ wà ní mùsíọ́mù Louvre ní Paris. Bí obìnrin yẹn ṣe jókòó ti ọkọ ẹ̀ níbi àsè yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré o, láàárín àwọn Gíríìkì ìyàwó ilé kì í bá àwọn ọkùnrin jókòó síbi ọtí, àwọn òǹkọ̀wé wọn sì sọ̀rọ̀ burúkú sáwọn obìnrin Etruscan nítorí ẹ̀.

Èyí tó ṣe iyebíye jù lójú tèmi ni àwo wúrà pẹlẹbẹ mẹ́ta tí wọ́n rí ní Pyrgi, èbúté Cerveteri, ní 1964. Èdè Etruscan wà lára méjì, èdè Fòníṣíà wà lára ẹ̀kẹta, gbogbo wọn dá lórí bí Thefarie Velianas, olórí Cerveteri, ṣe ya ibì kan sí mímọ́ fún òrìṣà obìnrin tí wọ́n ń pè ní Uni, táwọn Fòníṣíà ń pè ní Astarte. Álífábẹ́ẹ̀tì Etruscan ò ṣòro kà, ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni wọ́n ti yá a, ìtumọ̀ ló nira torí èdè náà ò bá Látìnì tan, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ kan náà lédè méjì fi wúlò gan-an.

Olè ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́. Ìkòkò ọtí tí Euphronios, ayàwòrán ará Gíríìsì, kùn, táwọn olè wú nínú sàréè, tí mùsíọ́mù Metropolitan ní New York rà ní 1972, 2008 ló tó pa dà sí Ítálì, ó wà ní Villa Giulia kí wọ́n tó gbé e lọ sí Cerveteri. Ìkòkò pa dà lóòótọ́, àmọ́ ohun tí wọn ì bá kọ́ ká ní àwọn tó mọṣẹ́ ló wú u, pẹ̀lú àwọn nǹkan tó yí i ká nínú sàréè, ìyẹn ò lè pa dà mọ́.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa ń tì í. Ẹni tó bá ráyè, kó tibẹ̀ lọ sí Cerveteri fúnra ẹ̀, UNESCO ti fi àwọn sàréè ibẹ̀ àti ti Tarquinia sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá ayé ní 2004, inú òkúta ni wọ́n gbẹ́ ti Cerveteri sí bí ilé, tòun ti yàrá, òpó, àga àti ibùsùn.