Ẹ Ṣí Ìkòkò Kúrò Lórí Áńténà

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọlọ́kọ̀ ìpẹja kan wá bá mi ní ọ́fíìsì mi ní Wúsè, níbi tí mo ti ń ṣọ́ ìrìn àwọn ọkọ̀ ìpẹja lójú òkun. Òun ni ẹni kẹta lọ́dún yìí tó bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni mo ṣe lè pa ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń sọ ibi tí a wà fún yín yẹn lẹ́nu mọ́?" Abuja ló ń gbé, Àpápá ni ọkọ̀ rẹ̀ ń gúnlẹ̀ sí. Ẹnìkan ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun á se ọṣẹ tí sátẹ́láìtì ò fi ní rí ọkọ̀ náà mọ́.

Ọlọ́ṣẹ yẹn kò mọ nǹkan kan. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, kì í ṣe sátẹ́láìtì ló ń wo ọkọ̀ yín. Ọkọ̀ yín gan-an ló ń sọ̀rọ̀: àpótí inú rẹ̀ ń gba ibi tó wà láti ọ̀dọ̀ GPS, ìyẹn àwọn sátẹ́láìtì tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ibi tó wà, ó sì ń ta àwa tó ń ṣọ́ ọ lólobó lóòrèkóòrè. Kò sí òkun ní Abuja, síbẹ̀ mo ń rí i lójú kọ̀ǹpútà mi.

Ìyára ló ń tú àṣírí. Ọkọ̀ tó kàn ń kọjá lọ máa ń sáré. Èyí tó ń wọ́ àwọ̀n edé nísàlẹ̀ omi máa ń rọra rìn, bíi máìlì òkun 2 sí 4 ní wákàtí kan. Á lọ, á bọ̀, á tún lọ, bí ẹni tó ń kọ ebè. Bí mo bá wá rí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láàárín máìlì òkun 5 sí etíkun, tí òfin ìpẹja òkun Nàìjíríà ti 1992 kà léèwọ̀ fún ọkọ̀ tó ń wọ́ àwọ̀n, ẹ má sọ fún mi pé ẹ́ńjìnnì ló kọṣẹ́. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kọṣẹ́, ìgbì ní í gbé e lọ. Kì í kọ ebè.

  

Ṣùgbọ́n ohun tó ń dùn mí jù nìyí. Kápútéènì kan da ìkòkò irin bo áńténà tí ẹ̀rọ náà fi ń bá wa sọ̀rọ̀, kó lè wọ́ àwọ̀n létí òkun láìjẹ́ pé a rí i. Lóru ọjọ́ yẹn, omi ya wọ yàrá ẹ́ńjìnnì, iná kú, rédíò kú. Ẹ̀rọ wa ní bátìrì tirẹ̀, ì bá ṣì máa pè wá bí kì í bá ṣe ti ìkòkò yẹn. Ibi tí ọkọ̀ ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn nìkan ni mo mọ̀, ó sì ti kúrò níbẹ̀ láti bíi wákàtí 11. Ibẹ̀ ni mo júwe fún àwọn tó lọ wá wọn. Àwọn apẹja ọlọ́kọ̀ kékeré, tí kápútéènì náà ti fa àwọ̀n wọn ya rí, ló bá wọn lójú omi láàárọ̀. Ènìyàn 9 ló lọ, 8 ló bọ̀. Ọmọkùnrin tó ń dáná fún wọn ni a ò rí. Ìyá rẹ̀ pè mí, ó ní ṣebí wọ́n ní ẹ̀ ń rí gbogbo ọkọ̀.

Mo sọ èyí fún ọlọ́kọ̀ náà. Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ó fa fóònù yọ níwájú mi, ó pe kápútéènì rẹ̀, ó ní kó gòkè lọ wo áńténà.