Ṣíbí Ṣúgà Mélòó Ló Wà Nínú Ìgò Yẹn?

Ní Nyanya, lẹ́bàá Abuja, nígbà tí oòrùn oṣù kẹta bá mú ganrínganrín, tí ọkọ̀ ò sì lọ, àwọn ọmọ tó ń kiri á na ìgò ẹlẹ́rìndòdò tútù gba ojú fèrèsé wọlé, omi yìnyín á máa kán tó, tó, lára rẹ̀. Òǹgbẹ ló ń ra ìgò yẹn, ṣùgbọ́n ṣúgà ló pọ̀ jù nínú ohun tí olówó ń gbé mì lẹ́yìn omi.

Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ wínníwínní. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́rìndòdò ní nǹkan bíi gíráàmù 10 ṣúgà nínú 100ml. Ìgò 50cl wá di gíráàmù 50. Bí ṣíbí tíì kan bá gba gíráàmù 4, ẹni tó mu ìgò kan tán ti lá ṣíbí méjìlá, ó tún lé díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ṣúgà tó ń yí kiri nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá, kó tó jẹun láàárọ̀, kò ju nǹkan bíi ṣíbí kan lọ.

Kò sí fáíbà, ìyẹn okùn tín-ín-rín inú èso àti ewébẹ̀, tí yóò fa ṣúgà yìí sẹ́yìn, nítorí náà kíá ló ń kúrò nínú àpòlúkù lọ sínú ìfun, tó sì ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ara á tú insulin, èròjà tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, jáde láti kó o lọ sínú iṣan àti ẹ̀dọ̀, èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ̀dọ̀ á sọ ọ́ di ọ̀rá. Bó bá ń rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀nà àtọ̀gbẹ ló ń là. Ikùn kì í sì í ka ohun mímu kún oúnjẹ: ẹni tó mu ún ṣì máa jẹ iyán rẹ̀ tán.

Omi ló yẹ kó kọ́kọ́ pa òǹgbẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni zobo, ìsápá pupa tí wọ́n ń gbìn gan-an ní Kano àti Jigawa, ẹbí ìsápá tí àwa ń fi se ẹ̀gúsí nílé. Ó kan lẹ́nu, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ṣúgà kankan fúnra rẹ̀. Àmọ́ kíkan yẹn náà ló ń mú kí àwọn tó ń tà á da ṣúgà sí i yàà, débi pé ìgò wọn lè má yàtọ̀ sí ẹlẹ́rìndòdò. Ilé ló dára ká ti sè é: ká ṣan ìsápá, ká sè é pẹ̀lú atalẹ̀, kànáfùrù àti èèpo ọ̀pẹ̀-òyìnbó tí a fọ̀ mọ́, ká sẹ́ ẹ, ká wá lọ dàbínò díẹ̀ sí i. Bí àwọn ọmọ bá ti mọ̀ ọ́n sí ṣíbí ṣúgà mẹ́fà, ká fi márùn-ún sí i lọ́sẹ̀ yìí, mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ahọ́n á bá a lọ. Bó bá yá, èyí tí wọ́n ń mu tẹ́lẹ̀ á dùn jù lẹ́nu wọn.

Kunu aya ò tiẹ̀ nílò ṣúgà: òfio tí a rẹ mọ́jú, tí a lọ̀, tí a sẹ́, ti ní adùn tirẹ̀. Omi sísè ni ká fi ṣe é, ká sì mu ún lọ́jọ́ náà, torí kì í pẹ́ kan.

Ọsàn Benue tí wọ́n ń bó nínú bárò, jíjẹ ló sàn ju fífún lọ, kí fáíbà rẹ̀ lè bá a wọlé. Ní ti júùsì inú páálí, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀: ọ̀pọ̀ nínú wọn náà ń lọ sí gíráàmù 10 nínú 100ml.