Avignon tàbí Arles: níbo ni kí ẹ sùn?

Ẹni tó bá ní ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta péré láti lò ní gúúsù ilẹ̀ Faransé sábà máa ń bi àwa tó ń ṣètò ìrìn àjò léèrè pé nínú Avignon àti Arles, èwo ni kí òun lọ. Èmi kì í mú ọ̀kan nínú méjèèjì fún wọn. Reluwé tó ń rìn láàárín ìlú méjèèjì kì í lò ju nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú lọ, nítorí náà kò sídìí tí ẹ ó fi pa ìkankan tì. Ibi tí ẹ máa sùn ló yẹ kí ẹ rò dáadáa. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ gba yàrá sí Arles, kí ẹ fi ọjọ́ kan lọ wo Avignon, kí ẹ sì padà wá sùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe òdìkejì rẹ̀ nítorí pé Avignon ló lókìkí jù, ohun tó dùn jù nínú ìrìn àjò náà a sì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ wò ó báyìí. Ohun tí Avignon fi ń pe àlejò wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí láàárọ̀, tí wọ́n ń tì nírọ̀lẹ́. Ní ọdún 1309 ni Póòpù Clement Karùn-ún kó wá síbẹ̀. Tòun tirẹ̀, póòpù méje ló jẹ tẹ̀léra wọn kí Gregory Kọkànlá tó kó padà sí Róòmù ní 1377. Ààfin ńlá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1335 kò gbà wọ́n tó ogún ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ má retí àga olówó iyebíye níbẹ̀ o. Àwọn sójà fi ààfin náà ṣe báráàkì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, yàrá gbàràmù tó ṣófo ló pọ̀ jù nínú ohun tó kù. Wọ́n máa fún yín ní tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń fi bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe rí láyé àwọn póòpù hàn. Ẹ gbà á, kí ẹ má sì kánjú. Yàrá kan wà tí ẹ kò gbọdọ̀ fò, èyí tí Póòpù Clement Kẹfà máa ń dá jókòó sí. Ọdẹ, ajá, igbó àti adágún ẹja ni wọ́n kùn yí ògiri rẹ̀ ká, àwọ̀ náà kò sì tíì parẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo gbọ̀ngàn ńlá inú ààfin náà lọ, torí pé níbẹ̀ ni mo ti ń rí i pé èèyàn ẹlẹ́ran ara ló gbé inú òkúta wọ̀nyẹn.

Afárá Saint-Bénézet tí àwọn ọmọdé Faransé ń kọrin nípa rẹ̀ ti já láti ayé àtijọ́. Nínú apá 22 tó tẹ̀ bí ọrun tó gbé e ró, mẹ́rin péré ni àkúnya odò Rhône ṣẹ́ kù. Owó ni wọ́n ń gbà kí èèyàn tó gun orí rẹ̀. Lójú tèmi, kò pọn dandan. Ẹ gun òkè Rocher des Doms tó wà lẹ́bàá ààfin, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ó rí afárá, odò àti òkè Ventoux lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ti jẹun ọ̀sán tán, tí ẹ sì rìn díẹ̀ lábẹ́ odi ìlú, ẹ ti rí Avignon.

Arles kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìgboro ni tirẹ̀ wà, láàárín ilé tí àwọn èèyàn ń gbé. Pápá ìwòran tí àwọn ará Róòmù kọ́ ní nǹkan bí ọdún 90 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa gba nǹkan bí 20,000 èèyàn. Nígbà tí ìjọba Róòmù fọ́, àwọn ará ìlú kọ́ ilé sínú rẹ̀, wọ́n sì fi ògiri rẹ̀ ṣe odi. Ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni wọ́n tó kó àwọn ilé náà kúrò. Lónìí, ẹni tó lọ ra búrẹ́dì láàárọ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sílé. Nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò ti ń kó èrò wọn lọ, òòrùn á wá pọ́n sára òkúta, ìlú á dákẹ́. Ẹni tó wá láàárọ̀ tó lọ lọ́sàn-án kò rí èyí. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ sùn síbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ Van Gogh, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ńkọ́? Ó dé Arles ní oṣù Kejì ọdún 1888, ó kúrò ní oṣù Karùn-ún ọdún 1889, ó sì ya nǹkan bí 200 àwòrán láàárín àkókò náà. Àwọn kan ń lọ pẹ̀lú ìrètí pé àwọn máa rí wọn níbẹ̀, ó sì máa ń dùn wọ́n gan-an. Àwọn àwòrán náà wà ní Amsterdam, ní Páríìsì àti káàkiri ayé. Ilé aláwọ̀ ìyeyè tó gbé, bọ́ǹbù ba á jẹ́ ní 1944. Ilé iṣẹ́ ọnà tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìlú máa ń yá ìwọ̀nba àwòrán rẹ̀ wá fi hàn. Àgbàlá ilé ìwòsàn tí wọ́n ti tọ́jú rẹ̀ ṣì wà, ẹ lè wọlé láìsanwó. Lálẹ́, ẹ rìn lọ sí etí odò Rhône, níbi tó ti ya ìràwọ̀ lójú omi ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1888.

Bí ẹ bá lè ṣe é, kí òru Ẹtì wà nínú òru tí ẹ máa sùn ní Arles, nítorí ọjà òwúrọ̀ Sátidé tó wà lójú ọ̀nà Boulevard des Lices. Ólífì, wàràkàṣì, àlùbọ́sà, èròjà ọbẹ̀ àwọn ará Àríwá Áfíríkà, àti ìrẹsì Camargue tí wọ́n ń gbìn sí ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ìlú náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń fi ìrẹsì yìí jẹ gardianne, ẹran màlúù tí wọ́n sè pẹ́ nínú wáìnì pupa. Ẹnu Yorùbá á gba oúnjẹ yẹn, àmọ́ kò ní ata, ẹ mú tiyín dání. Ẹ rántí pé ilé oúnjẹ púpọ̀ níbẹ̀ kì í dáná mọ́ lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán títí di aago méje alẹ́.

Nígbà wo ni màá ní kí ẹ sùn ní Avignon? Bí ẹ kò bá ní mọ́tò, tó sì jẹ́ pé Pont du Gard, afárá ńlá tí àwọn ará Róòmù fi ń gbé omi, ló gbé yín dé, Avignon ni kí ẹ wà, bọ́ọ̀sì ń lọ láti ibẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn tíátà, kó lọ ní oṣù Keje, nígbà àjọ̀dún tó bẹ̀rẹ̀ ní 1947. Ṣùgbọ́n kó tètè gba yàrá, nítorí owó yàrá máa ń fò sókè, èdè Faransé sì ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù. Arles náà máa ń kún ní àsìkò Àjíǹde àti ní oṣù Kẹsàn-án, tí wọ́n bá ń bá akọ màlúù jà nínú pápá ìwòran. Wọ́n ń pa màlúù níbẹ̀, kí ẹni tí kò bá fẹ́ rí i yẹra. Eré màlúù ti Camargue yàtọ̀: àwọn ọ̀dọ́ aláṣọ funfun ń já okùn kúrò lára ìwo akọ màlúù, màlúù á sì padà sílé láàyè.

Ibùdó reluwé méjì ni Avignon ní. Ọkọ̀ tó ń sáré láti Páríìsì, tó ń gba nǹkan bí wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú, máa ń já yín sí Avignon TGV tó wà lẹ́yìn ìlú. Reluwé kékeré ló máa gbé yín dé Avignon Centre. Kí ẹ tó kúrò ní Arles láàárọ̀, ẹ wo aago tí reluwé tó kẹ́yìn máa padà.

Ẹ sì má fojú kéré afẹ́fẹ́ mistral tó ń bọ́ láti àríwá gba àfonífojì Rhône, pàápàá ní ìgbà òtútù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé. Ó lè fẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan láìsinmi, ó sì ń gún èèyàn dé egungun kódà bí òòrùn bá mú. Ọjọ́ tó bá ń fẹ́ ni kí ẹ lọ sí Ààfin Póòpù, kí ẹ sì sún etí odò di ọjọ́ tó bá rọlẹ̀.