Kì í ṣe pílọ́ọ̀gì: epo ọdún tó kọjá ló há ẹ̀rọ ìgékoríko yín lọ́fun

Òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju wákàtí kan lọ, ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, koríko ti dé kókósẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé kan, mo gbọ́ ìró okùn ẹ̀rọ ìgékoríko láti ilé ẹ̀gbọ́n wa kan ní ìhà Arówómọlẹ̀: fàá, fàá, fàá, kẹ́kẹ́ pa. Fàá, fàá, kẹ́kẹ́ tún pa. Kí n tó rin pákò tán, ó ti di èébú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n."

"Iṣẹ́ wo? Ìyà ni o, àbúrò. Pílọ́ọ̀gì tuntun méjì ni mo ti rà láti àná. Mẹkáníìkì wá wò ó, ó ní ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì, kí n lọ wá tòkunbọ̀ míì rà."

"Epo wo ló wà nínú rẹ̀, sà?"

"Epo wà níbẹ̀ dáadáa. Èyí tó ṣẹ́ kù láti oṣù kọkànlá ni."

Mo ní kí wọ́n bá mi wá sípánà nọ́ńbà 10. Mo yọ wáyà kúrò lórí pílọ́ọ̀gì, mo ti epo pa, mo sì tú nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀, ìyẹn ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, níbi tí ife kékeré kan ti so mọ́ ọn. Ohun tó wà nínú ife náà kò jọ epo mọ́. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ọ̀dà tí wọ́n ṣí sílẹ̀ mọ́jú. Mo fi ìka tọ́ ọ, ó ń lẹ̀. Ní ìdí ife, nǹkan kan ti gan mọ́ irin bí ìsàlẹ̀ ìgò oyin tí kò sí ẹni tó fọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n wò ó, wọ́n wò mí. "Ṣé epo náà máa ń bàjẹ́ ni?"

Ó máa ń bàjẹ́ o. Kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò mọ̀. Ọdọọdún, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ẹ̀rọ tó sùn láti ìgbà ọyẹ́ máa ń kọ̀ láti jí, àwọn èèyàn á sì sáré lọ ra pílọ́ọ̀gì. Bí pílọ́ọ̀gì kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ti kú. Èyí tó wà láàárín méjèèjì, ìyẹn epo tó ti ṣá nínú kabúrétọ̀, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ "epo" fúnra rẹ̀ wà lára ohun tó ń tàn wá. Epo pupa la mọ̀ sí epo kí bẹtiróòlù tó dé. Epo pupa lè wà nínú kẹ́ẹ̀gì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá àgbà fún oṣù gbọọrọ, kó dì nígbà ọyẹ́, kó yọ́ nígbà oòrùn, wọ́n á sì tún bù ú sí ọbẹ̀. Nígbà tí òyìnbó gbé tiẹ̀ dé, orúkọ kan náà la sọ ọ́, a wá rò pé ìwà wọn dọ́gba. Owó náà tún dá sí i. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kúrò lábẹ́ ₦200, ó fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì tún wá kan ₦1,000 lẹ́yìn náà. Ta ló máa da lítà méjì nù torí pé wọ́n ní ó ti pẹ́? Mi ò bá ẹnikẹ́ni wí.

Ṣùgbọ́n bẹtiróòlù kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo bí omi. Àkópọ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ nǹkan ni. Àwọn kan fúyẹ́, wọ́n máa ń fò lọ kíákíá. Àwọn kan wúwo, wọ́n á jókòó. Àwọn tó fúyẹ́ yẹn ni iná pílọ́ọ̀gì kọ́kọ́ máa ń ràn mọ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bí ẹ bá ṣí kẹ́ẹ̀gì lọ́sàn-án tí òórùn rẹ̀ sì gbá yín nímú, àwọn gan-an ló ń sá lọ yẹn. Èyí tó kù sílẹ̀ ń bá afẹ́fẹ́ jà díẹ̀díẹ̀ títí á fi di oje, bí oje tó máa ń sun lára igi kajú. Ooru ló sì ń mú un yá. Ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ ń gbé láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta ní ìlú wa níbí: abẹ́ páànù, lẹ́yìnkùlé. Àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, irú Briggs & Stratton, sọ pé epo lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá láàárín ọjọ́ 30. Tiwa ń lo oṣù mẹ́rin.

Kì í tiẹ̀ ṣe inú táńkì ni wàhálà ti ń pọ̀ jù, inú ife kabúrétọ̀ yẹn ni. Epo inú rẹ̀ kò ju ṣíbí mélòó kan lọ, ihò kékeré kan sì wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé sórí rẹ̀, torí náà kíá ló máa ń gbẹ. Ibẹ̀ náà ni jẹ́ẹ̀tì wà, ihò tí epo ń gbà lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ọwọ̀ kan lára ìgbálẹ̀ yín kò lè wọ inú ihò náà. Kí oje díẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn, epo kò ní kọjá mọ́, ẹ lè fa okùn títí apá á fi ya.

Ẹnì kan á sọ pé, "Mọ́tò mi dúró oṣù mẹ́ta, mo ta á, ó jí." Òótọ́ ni. Mọ́tò ìsinsìnyí kò ní kabúrétọ̀. Pọ́ǹpù ló ń fi agbára ti epo lọ, táńkì rẹ̀ dé pa, epo inú rẹ̀ sì pọ̀ débi pé díẹ̀ tó bá fò lọ kò ní hàn. Ẹ̀rọ ìgékoríko kò ní pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí písítọ̀nù, irin tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, ń fà ló ń fa epo gba inú ihò tín-ín-rín yẹn jáde. Ohun tí kò ní di mọ́tò lọ́wọ́ rárá á pa ẹ̀rọ ìgékoríko lẹ́nu mọ́.

Kí wá ni pílọ́ọ̀gì ṣe tí wọ́n fi ń fẹ̀sùn kàn án? Ó rọrùn láti rí, ó rọrùn láti tú, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ pílọ́ọ̀gì kan náà tí ẹ fẹ́ jù nù lè jẹ́rìí fún yín. Ẹ fa okùn bí ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ tú u, kí ẹ wo ẹnu rẹ̀. Tó bá gbẹ táútáú, epo kò dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kabúrétọ̀ ni. Tó bá rin gbindin tó sì ń rùn epo, epo dé ṣùgbọ́n kò gbaná: nígbà yẹn ni kí ẹ tó wá bi pílọ́ọ̀gì léèrè ọ̀rọ̀, tàbí kí ẹ wò ó bóyá ẹ ti fa ṣọ́ọ̀kì jù, ìyẹn ohun tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ́ńjìnnì tó tutù lè jí.

Ti ẹ̀gbọ́n gbẹ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n sá sórí páànù. Mo ro epo tuntun tó tó ìdajì ìdérí ìgò omi sínú ihò pílọ́ọ̀gì, mo gbé kẹ́ẹ̀gì jìnnà, mo dá pílọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ padà, mo fa okùn. Ẹ́ńjìnnì ké, ó sáré bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó kú. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ́dùn, mo ní kí wọ́n má kẹ́dùn. Ẹ́ńjìnnì tó ti nọ́ọ̀kì kì í ké bẹ́ẹ̀. Iná pílọ́ọ̀gì dára, písítọ̀nù dára, oúnjẹ nìkan ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

A tú kabúrétọ̀ kalẹ̀ sínú abọ́ funfun, torí nǹkan kékeré inú rẹ̀ kì í pẹ́ sọ nù nínú koríko. Irú ẹ̀rọ Briggs & Stratton àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé nọ́ọ̀tì tó so ife mọ́ ọn gan-an ni jẹ́ẹ̀tì: ihò náà wà lára nọ́ọ̀tì, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń tú u, wọ́n ń dè é padà láìmọ̀ pé òun ni wọ́n ń wá. Ti ẹ̀gbọ́n wà láàárín gbùngbùn kabúrétọ̀. Nígbà tí mo gbé e sókè sí oòrùn, mi ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan nínú ihò rẹ̀. Mo já okùn wáyà iná kan, mo fa ẹyọ irun bàbà kan ṣoṣo jáde nínú rẹ̀, mo fi ń gún un jẹ́jẹ́. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ líle tàbí ìṣó rọ́ ọ o. Bí ihò náà bá fi díẹ̀ fẹ̀ sí i, epo á máa pọ̀ jù, èéfín dúdú á máa yọ, owó epo yín á sì lọ sókè láìnídìí. Nígbà tó yá, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan yọ, kò ju ojú èèrà lọ. Ẹ̀gbọ́n ní kí n jẹ́ káwọn náà wò ó. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n wò ó.

Àwọn ihò tó kù, tó fara pamọ́ sínú irin, ọwọ́ kò lè tó wọn. A gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà tó wà ní ẹ̀bá títì, ó fi ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú gbogbo ihò rẹ̀, owó tó gbà kò ju ti atẹ́gùn táyà kan lọ. Ẹ yí ojú sẹ́yìn tí wọ́n bá ń fẹ́ ẹ, epo àti ìdọ̀tí máa ń ta jáde. Ẹ sì yọ àwọn rọ́bà inú rẹ̀ kí ẹ tó fi tínà fọ ohunkóhun, torí tínà máa ń jẹ wọ́n.

Kò sí irọ́ níbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni epo ń jẹ̀bi. Bí ọ̀bẹ ẹ̀rọ bá ṣèèṣì gbá òkúta tàbí kùkùté tí ẹ́ńjìnnì sì kú lójijì, irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà nídìí àgbá tó ń yí lókè, kíì ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Ó lè gé tàbí kó yẹ̀, iná á máa wá lásìkò tí kò yẹ, ẹ̀rọ kò sì ní jí bó tilẹ̀ jẹ́ pé iná àti epo wà. Eruku ọyẹ́ náà máa ń dí fílítà afẹ́fẹ́. Àwọn kan sì máa ń dojú ẹ̀rọ dé láti wo ọ̀bẹ abẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì á ṣàn wọ fílítà, èéfín funfun á bo gbogbo àgbàlá, wọ́n á ní ó ti nọ́ọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí fílítà wà lókè tí ẹ bá fẹ́ gbé e dùbúlẹ̀, kí ẹ sì yọ wáyà pílọ́ọ̀gì kí ọwọ́ yín tó sún mọ́ ọ̀bẹ.

Ẹ jẹ́ n yà síbì kan díẹ̀. Torí pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour" ń jẹ epo tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbogbo ẹ́ńjìnnì kékeré ló rí bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká gé koríko, púpọ̀ nínú wọn ń jẹ àpòpọ̀ lóòótọ́. Àmọ́ èyí tó ní táyà mẹ́rin tí à ń tì kiri, tó bá ti ní ibi tí wọ́n ti ń wọn ọ́ìlì lọ́tọ̀, bẹtiróòlù lásán ni kí ẹ rọ sí táńkì rẹ̀. Àpòpọ̀ á kàn fi èéfín yọ yín lẹ́nu, á sì kùn pílọ́ọ̀gì dúdú.

Epo àtijọ́ tí a fà jáde kò tó lítà kan ààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ dà á sí gọ́tà, mo ní kànga tiwọn náà ń bẹ nísàlẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn wá dà á mọ́ kẹrosíìnì sítóòfù. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí, torí bẹtiróòlù díẹ̀ nínú sítóòfù tàbí àtùpà ti jó ọ̀pọ̀ ilé ní orílẹ̀-èdè yìí. Epo tó bá kàn pẹ́ díẹ̀, tí àwọ̀ àti òórùn rẹ̀ kò tíì yí, ẹ lè da lítà kan mọ́ epo mọ́tò tí táńkì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Èyí tó ti pọ́n bí àgbo kò dára fún ìyẹn. A dé e pa sínú kẹ́ẹ̀gì, a fi ṣọwọ́ sí mẹkáníìkì kan tó ń kó ọ́ìlì àlòkù jọ.

Epo tuntun lítà kan la rọ sí i. Ìfà kejì ló jí. Ewúrẹ́ méjì tó ń sùn lábẹ́ igi máńgòrò fò dìde, ewé gbígbẹ ń fọ́n ká, ẹ̀gbọ́n sì ń pariwo nǹkan kan tí mi ò gbọ́. Nígbà tí wọ́n gé koríko tán, mo fi hàn wọ́n bí wọ́n á ṣe máa ti epo pa kí wọ́n sì jẹ́ kó sáré títí á fi kú fúnra rẹ̀, kí ife kabúrétọ̀ lè gbẹ kí ọyẹ́ tó dé. Wọ́n gba èédú lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n kọ déètì sára kẹ́ẹ̀gì epo tó wà lábẹ́ àtẹ̀gùn.

"Àwọn pílọ́ọ̀gì méjì tí mo rà wá ńkọ́?"

"Ẹ tọ́jú wọn, sà."

Wọ́n wo ẹ̀yìn bóyá ìyàwó wọn ń bọ̀. "Bí ó bá bi ọ́, sọ pé pílọ́ọ̀gì ni."