Àjẹsára Kì Í Ṣe Ogún Bàbá

Kò sí ọ̀sẹ̀ kan l'Ọ̀yọ́ níbí tí bàbá ìkókó kan kì í sọ fún mi pé: "Dókítà, gbogbo wa nílé wa la ti ṣe èéyi, a ò kú. Àjẹsára rẹ̀ ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìran wa." Wọn a sì gbé ọmọ lọ sílé láìgba abẹ́rẹ́.

Irọ́ ni. Jíìnì ènìyàn, ìyẹn àwọn ìlànà tí a jogún lára òbí, kò ju nǹkan bí 20,000 lọ, síbẹ̀ ọ̀nà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì agbógun-tàrùn fi ń dá àrùn mọ̀ kò lóǹkà. Susumu Tonegawa, ará Jàpáánì tó ń ṣèwádìí ní Basel, ló fi ìdí rẹ̀ hàn ní 1976, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1987. Jíìnì tí sẹ́ẹ̀lì B, ọ̀kan lára àwọn agbógun-tàrùn yìí, fi ń mọ àrùn kì í wá ní odidi. Àwọn ègé V, D àti J la jogún. Nínú mùdùnmúdùn egungun, sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan yóò ṣa ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn, yóò gé ohun tó wà láàárín wọn dànù, yóò sì so wọ́n pọ̀, bí ìgbà tí télọ̀ bá rán àjákù aṣọ mẹ́ta pọ̀. Èròjà méjì inú sẹ́ẹ̀lì, RAG1 àti RAG2, ló ń gé e. Lójú ìsopọ̀, sẹ́ẹ̀lì tún ń ki lẹ́tà DNA (ohun tí a fi kọ jíìnì) mìíràn bọ̀ ọ́ bó ṣe wù ú. Èyí gan-an ló jẹ́ àgbàyanu lójú mi: àwọn ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá pàápàá, tiwọn yàtọ̀ síra. Sẹ́ẹ̀lì T, agbógun-tàrùn mìíràn, náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Gígé àti sísopọ̀ yìí kì í ṣẹlẹ̀ nínú àtọ̀ tàbí ẹyin. Ègé tí ẹnikẹ́ni ò tíì rán ni bàbá fún ọmọ. Èròjà agbógun-tàrùn ti ìyá tó gba ibi ọmọ kọjá sára ọmọ, oṣù díẹ̀ ló fi ń tán; ìdí nìyẹn tí a fi ń gún abẹ́rẹ́ èéyi ní oṣù 9, tí a tún ń gún un ní oṣù 15.

Ẹni tó ń ta àgbo ìdílé fún yín lọ́jà Àkẹ̀sán, ẹ bi í pé sẹ́ẹ̀lì wo ni àgbo rẹ̀ kọ́ láti mọ èéyi. Kò mọ̀ ọ́n. Àwa tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ la mọ̀ ọ́n.

Èéyi kì í tán bí ara bá ti gbẹ. Ó máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó rántí àrùn àtẹ̀yìnwá, ara ọmọ á sì gbàgbé àwọn ọ̀tá tó ti mọ̀. Wọ́n gbé ọmọ kan tí ara rẹ̀ ti gbẹ padà wá bá mi, òtútù àyà ti wọ̀ ọ́ lára. Ìyá rẹ̀ ń sọ pé àgbo ti ṣiṣẹ́. Ọmọ náà ò délé mọ́.

Ọ̀fẹ́ ni abẹ́rẹ́ náà nílé ìwòsàn ìjọba. Ọmọ tó ti pé oṣù 9 tí kò tíì gbà á, ẹ gbé e wá lọ́la.